Ohùn Ọláṣùmbọ̀ Nínú Àpótí

Jẹ́jẹ́lọlá ń fi òjé lẹ wáyà tín-ín-rín mọ́ ara ẹ̀rọ kan ní ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì, nígbà tí ọkùnrin kan sáré gun àtẹ̀gùn wọ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Ṣàngó, Ìbàdàn. Ọkùnrin náà gbá àpótí kékeré kan mọ́ àyà bí ẹni gbé ọmọ tí ara rẹ̀ gbóná dé ọsibítù. Kò kí èèyàn.

"Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ̀yin lẹ ṣe é? Wọ́n ní ẹ̀yin lẹ ṣe é."

Jẹ́jẹ́lọlá gbé ojú sókè. "Ẹ káàsán, sà."

Ojú ti ọkùnrin náà. "Ẹ káàsán, mà. Ẹ má bínú. Àtẹ̀gùn yín ló gba ìkíni lẹ́nu mi."

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu Jẹ́jẹ́lọlá kó tó mọ̀. Ó ti tó ọjọ́ mẹ́ta tí kò tíì rẹ́rìn-ín sí ẹnikẹ́ni. Kì í ṣe pé inú ń bí i. Kò kàn sí ẹni tó wà nítòsí tí ó lè rẹ́rìn-ín sí ni.

Bí àwọn méjèèjì ṣe pàdé nìyẹn. Ẹni tó bá ń retí òṣùpá àti òdòdó, kó ní sùúrù. Òjé gbígbóná àti òógùn ló wà níbẹ̀ lọ́jọ́ yẹn.

Ọdúnayọ̀ ni orúkọ ọkùnrin náà. Olùkọ́ ìṣirò ni, òun náà ló sì ń darí ẹgbẹ́ akọrin ní ìjọ Áńgílíkà kan ní Bódìjà. Àpótí tó gbé wá jẹ́ ọ̀kan nínú mẹ́tàlélógún tí Jẹ́jẹ́lọlá ti ṣe fún àwọn ìjọ káàkiri Ìbàdàn. Kò tóbi ju Bíbélì orí pẹpẹ lọ. Bọ́tìnì mẹ́rin wà lójú rẹ̀, fún tírébù, áltò, tẹ́nọ̀ àti báàsì. Akọrin tí kò bá mọ ohùn tirẹ̀ nínú orin, kó tẹ bọ́tìnì, á gbọ́ ọ. Àwọn ohùn wọ̀nyí wà nínú mẹ́mórì tí wọ́n lẹ̀ mọ́ inú àpótí pinpin. Ihò káàdì kan tún wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, pẹ̀lú bọ́tìnì pupa. Tí èèyàn bá ti káàdì bọ̀ ọ́, tó sì tẹ pupa, àpótí á nu káàdì náà mọ́ tónítóní, á wá gba orin ìgbáradì ọjọ́ náà sórí rẹ̀, kí ẹni tí kò lè wá gbọ́ ọ nílé.

"Láti àná ni kò ti fọhùn mọ́," Ọdúnayọ̀ wí. "Tí ẹ bá máa tún un ṣe, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí nǹkan kan ṣe ohun tó wà nínú rẹ̀. Ohùn tó wà ní bọ́tìnì tírébù yẹn, ìyàwó mi ni."

"Ṣé wọn ò lè tún un kọ ni, sà?"

"Ó ti pé ọdún mẹ́ta tó ti lọ."

Jẹ́jẹ́lọlá fa àpótí sún mọ́ra. Ó tú ìdí àpótí, ó rí wáyà kan tó já lára sípíkà, ó lẹ̀ ẹ́ padà, ó tẹ bọ́tìnì. Ohùn obìnrin kan jáde, ó ga, ó sì mọ́, ó ń kọ ìlà kìíní orin ìdúpẹ́ kan. Lójijì obìnrin náà dá orin dúró, ó rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀yin tírébù, mo mọ̀ yín o. Mi ò ní kẹ́ ẹ pariwo. Mo ní kẹ́ ẹ kọrin."

Ọdúnayọ̀ ti kọjú sí fèrèsé, ó ń wo títì bí ẹni tó ń ka ọkọ̀. Jẹ́jẹ́lọlá fi ojú sí iṣẹ́ rẹ̀, ó jẹ́ kí ó kà á tẹ́rùn.

Ọláṣùmbọ̀ ni ìyàwó yẹn ń jẹ́. Àìsàn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló gbé e lọ. Fóònù tí ọkọ rẹ̀ fi gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀ kí wọ́n tó gbé e sínú àpótí, àwọn jàgùdà já a gbà ní Dùgbẹ̀. Kò wá sí ibòmíràn mọ́ láyé yìí tí wọ́n ti lè gbọ́ Ọláṣùmbọ̀ àfi inú àpótí náà.

Lọ́sẹ̀ kejì, Ọdúnayọ̀ padà wá, ó ní òun fẹ́ bi í bóyá eruku lè ba àpótí jẹ́. Lọ́sẹ̀ kẹta, ó ní ooru ńkọ́. Lọ́sẹ̀ kẹrin, ó gbé bọ̀ọ̀lì àti ẹ̀pà wá, kò sì rántí mú àwáwí kankan dání.

"Ẹnjiníà, ṣé ẹ ti jẹun?"

"Màá jẹun tó bá yá."

"Ẹni tó bá dá wà ló máa ń sọ bẹ́ẹ̀. Èmi náà máa ń sọ ọ́."

Òótọ́ ló sọ. Jẹ́jẹ́lọlá ti pé ẹni ọdún mẹ́tàdínlógójì. Baṣọ̀run ló ń gbé, yàrá kan àti pálọ̀, ìkòkò kan, àwo kan, àga méjì tó jẹ́ pé aṣọ ló jókòó sórí ọ̀kan. Àwọn ọjọ́ kan wà tó jẹ́ pé oníkẹ̀kẹ́ tó gbé e relé nìkan ló máa bá sọ̀rọ̀, "ẹ dúró níwájú ibẹ̀ yẹn", ó parí. Kì í sunkún, kì í ráhùn. Ó kàn máa ń tan rédíò kó tó bọ́ bàtà ni.

Kó tó di ọdún Àjíǹde, Ọdúnayọ̀ ti ń bẹ̀ ẹ́ kó má pe òun ní "ẹ̀yin" mọ́.

"Ọdún márùn-ún lẹ fi jù mí lọ."

"Ìfẹ́ mi, mo ti ń gbọ́ 'ẹ̀yin' lẹ́nu àwọn ọmọ iléèwé láti àárọ̀. Ṣé níbí náà ni màá tún ti jẹ́ tíṣà?"

Ó rò ó díẹ̀. "Ó dáa. Ọdún mi, jókòó."

Ọdúnayọ̀ jókòó. Inú Jẹ́jẹ́lọlá dùn lọ́jọ́ náà débi pé ẹ̀rù bà á.

Ẹni tí Ọdúnayọ̀ kọ́kọ́ mú un lọ kí ni ìyá Ọláṣùmbọ̀, arúgbó ẹni ọdún mẹ́rìnléláàádọ́rin tí gbogbo wọn ń pè ní Màmá Bódìjà. Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì ni màmá náà, áltò ló sì ń kọ nínú ẹgbẹ́ akọrin. Síbẹ̀, ní gbogbo ọjọ́ Ọjọ́bọ̀, kí àwọn yòókù tó dé fún ìgbáradì, á ti dé ní wákàtí kan ṣáájú, á fa àga sún mọ́ àpótí, á tẹ bọ́tìnì tírébù. Kò sẹ́ni tó ń bi í ní ìdí.

Màmá Bódìjà wo Jẹ́jẹ́lọlá láti orí dé ẹsẹ̀. Ó ní òun fẹ́ mú nǹkan nínú yàrá. Ó pẹ́ níbẹ̀ díẹ̀. Nígbà tó jáde, ó ní, "Wá, kúnlẹ̀, jẹ́ n súre fún ẹ. Ọkọ ọmọ mi ò gbọdọ̀ dá gbé títí ayé."

Tiwaladé, ẹ̀gbọ́n obìnrin Ọdúnayọ̀, ò súre ní tirẹ̀. Òun ló gba àbúrò rẹ̀ tọ́jú lẹ́yìn ìsìnkú, tó ń gbé oúnjẹ lọ fún un láti Challenge lójoojúmọ́ fún oṣù mẹ́fà, ó sì gbà pé òun ní ẹnu nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀.

"Kí ló ń ṣe látọjọ́ yìí tí kò fi lọ́kọ?" ó bi àbúrò rẹ̀ léèrè lójú Jẹ́jẹ́lọlá. "Wáyà ló ń bá sọ̀rọ̀?"

"Wáyà kì í ṣàròyé, mà," Jẹ́jẹ́lọlá fèsì.

Ọdúnayọ̀ rẹ́rìn-ín. Tiwaladé ò rẹ́rìn-ín. Síbẹ̀, ẹbí fi ìgbéyàwó sí oṣù Disẹ́ńbà, lẹ́yìn Ìkórè.

Ẹ jẹ́ n wá sọ ohun kan tó yẹ kẹ́ ẹ mọ̀, nítorí òun ló gbé gbogbo ọ̀rọ̀ dé ibi tó dé.

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni Ọdúnayọ̀ bẹ Jẹ́jẹ́lọlá pé kó bá òun ṣe ẹ̀dà ohùn Ọláṣùmbọ̀ sí ibòmíràn. Iṣẹ́ ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló dá a lóhùn pé, "Màá ṣe é, olólùfẹ́ mi." Kò ṣe é. Ó ń fònídónìí, ó ń fọ̀ladọ́la. Ìgbà kan, ó ti so àpótí mọ́ kọ̀ǹpútà rẹ̀ pàápàá, ni ẹ̀rín obìnrin yẹn bá tún jáde, ó sì tú u kúrò kíákíá. Ó rò ó pé tí òun bá ṣe ẹ̀dà yìí, á wọ inú fóònù Ọdúnayọ̀, á wọ inú mọ́tò rẹ̀, á bá wọn wọ ilé. Bó ṣe wà nínú àpótí ní ṣọ́ọ̀ṣì, ó rí i fi ara dà. Owú ló ń jẹ ẹ́, ó mọ̀ pé owú ni, kò sì sọ fún ẹnì kankan.

Nígbà tí Ìkórè ku oṣù kan, ó lọ káàkiri àwọn ìjọ rẹ̀, ó fi ètò kọ̀ǹpútà tuntun rọ́pò èyí tó ń mú àpótí ṣiṣẹ́, torí ti àtijọ́ ti ń falẹ̀. Ó dán an wò lẹ́ẹ̀mẹta ní ṣọ́ọ̀bù, kò sí wàhálà. Ó fọkàn balẹ̀.

Ọjọ́bọ̀ tó tẹ̀ lé e ni wàhálà dé. Màmá Bódìjà ti wá gbọ́ ọmọ rẹ̀ tán, ó ti padà sí ìjókòó áltò. Ọdúnayọ̀ pa àpótí, ó ti káàdì tuntun bọ̀ ọ́, ọ̀kan ńlá tó ń yára, tí ìjọ rà nítorí Ìkórè. Ó tan án. Ó tẹ bọ́tìnì pupa. Iná pupa ṣẹ́jú, ó ṣẹ́jú, ó pẹ́ ju bó ṣe máa ń pẹ́ lọ.

"Tírébù, ẹ gbọ́ ohùn yín," Ọdúnayọ̀ wí, ó tẹ bọ́tìnì.

Àpótí ò fọhùn. Ó tẹ áltò, ó tẹ tẹ́nọ̀, ó tẹ báàsì, kò sí ohùn kankan. Nígbà tó tún padà tẹ tírébù, Màmá Bódìjà ti dìde dúró.

Ọjọ́ mẹ́ta ni Jẹ́jẹ́lọlá fi jókòó ti àpótí náà ní Ṣàngó. Kò rí nǹkan kan gbà padà. Òun fúnra rẹ̀ ló ṣe é pé tí bọ́tìnì pupa bá nu nǹkan, kò gbọdọ̀ ku ẹyọ kan, kí ohùn ọ̀sẹ̀ tó kọjá má baà dà pọ̀ mọ́ tuntun. Iṣẹ́ rẹ̀ dára jù.

Ṣùgbọ́n ó rí ìdí rẹ̀. Nígbà tí àpótí bá jí, ó máa ń ké sí àwọn mẹ́mórì tó wà lára rẹ̀. Èyí tó bá kọ́kọ́ jẹ́ ẹ, á fún un ní nọ́ńbà kìíní, èyí tó tẹ̀ lé e, ìkejì. Ètò àtijọ́ máa ń dúró de ti inú kó tó yíjú sí káàdì. Ètò tuntun ò dúró de ẹnikẹ́ni. Bọ́tìnì pupa sì mọ̀ pé ìkejì ni kí òun nù. Lọ́jọ́ náà, káàdì ayára yẹn jẹ́ ìpè ṣáájú, ó gba ìkíní. Ti inú pẹ́, ó di ìkejì.

Gbogbo irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ló ní àkọsílẹ̀ kan nínú ètò rẹ̀ tó ń ṣàpèjúwe ara rẹ̀ fún un. Ìlà méjì péré ló yẹ kó wà níbẹ̀: èyí tí a lẹ̀ mọ́ inú, ìkíní ni nígbà gbogbo, ì báà pẹ́ kó tó jẹ́ ìpè, èyí tó wà níhò, ìkejì ni, ì báà yára. Jẹ́jẹ́lọlá mọ ìlà méjì yìí. Ó ti kọ ọ́ fún ẹ̀rọ àwọn ẹlòmíràn rí. Ó gbàgbé láti kọ ọ́ sínú tirẹ̀, àṣìṣe náà ò sì hàn nígbà tó ń dán an wò, torí káàdì ògbólógbòó tí kì í yára ló lò.

Ó fi ìka ka àwọn ìjọ yòókù. Àpótí méjìlélógún mìíràn wà níta pẹ̀lú àṣìṣe kan náà.

Ọ̀sán ọjọ́ Àìkú ni Ọdúnayọ̀ dé. Ojú rẹ̀ ti wọlé, kò fá irùngbọ̀n.

"Kò sí?" ó béèrè.

"Kò sí. Ọdún mi, jọ̀ọ́, má bínú. Kò sí mọ́."

Ọdúnayọ̀ jókòó sórí àpótí igi kan. "Gbọ́. Àǹtí Tiwaladé ti ń sọ ọ́ kiri pé ṣe lo mọ̀ọ́mọ̀ pa á rẹ́, pé o ò fẹ́ kí ìyàwó mi wà ńbẹ̀. Mo sọ fún wọn pé irọ́ ni. Wọ́n mú iná lọ lẹ́ẹ̀mejì nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, gbogbo wa la rí i. Jẹ́ ká sọ pé iná ni. Ta ló máa bá nẹ́pà ṣẹjọ́? Mo ti sọ ọ́ fún Màmá, wọ́n á gbà, ọ̀rọ̀ á tán."

"Kì í ṣe iná."

"Mo mọ̀ pé kì í ṣe iná. Mo rí i lójú rẹ. Mi ò bi ẹ́ léèrè pé kí ni."

"Àpótí méjìlélógún ṣì wà níta, Ọdún. Gbogbo wọn ń gbáradì fún Ìkórè. Ẹni tó bá ti káàdì tuntun bọ̀ ọ́…"

"Ní kí wọ́n kó o wá fún àyẹ̀wò. Má sọ ìdí."

"Tí o ò bá sọ ìdí fún akọrin ní oṣù Ìkórè, ṣé ó máa dúró? Tí mo bá sì sọ ìdí fún wọn, ṣé o rò pé Màmá ò ní gbọ́? Àwọn akọrin Ìbàdàn!"

Ní ìgbà mìíràn, ìyẹn ì bá pa á lẹ́rìn-ín. Ó di ọwọ́ Jẹ́jẹ́lọlá mú. "Orí mi, mo bẹ̀ ẹ́. Mo ti sin ẹnì kan. Má jẹ́ kí n tún pàdánù ìwọ náà. Gba ọ̀rọ̀ iná yìí, ká lọ fẹ́ ara wa."

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ka èyí, ẹ má tètè dá a lẹ́jọ́. Obìnrin tó ti ń tan rédíò kí ilé má baà dákẹ́ láti ọdún mọ́kànlá, tí ẹnì kan wá ń bẹ̀ ẹ́ báyìí, kì í ṣe ohun kékeré fún un láti fa ọwọ́ rẹ̀ padà. Ọkàn rẹ̀ fẹ́ irọ́ náà gan-an. Ó fẹ́ ẹ bí òùngbẹ ṣe ń fẹ́ omi.

"Jẹ́ n lọ bá Màmá," ó wí. "Jọ̀ọ́, mú mi lọ."

Kí wọ́n tó kúrò ní ṣọ́ọ̀bù, ó pe ìjọ méjìlélógún lórí fóònù, lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ní kí wọ́n má tẹ bọ́tìnì pupa, ó sì sọ ìdí rẹ̀ fún wọn. Àwọn kan bú u. Ọkùnrin kan ní Ring Road ní òun ti ti káàdì tuntun bọ̀ ọ́, ìka òun ló kù. Ọdúnayọ̀ jókòó tì í títí ó fi pè wọ́n tán.

Nínú pálọ̀ Màmá Bódìjà, Tiwaladé ti wà níbẹ̀. Jẹ́jẹ́lọlá kúnlẹ̀, wọn ò ní kó dìde. Ó ṣàlàyé bó ṣe lè ṣàlàyé: ẹ̀rọ tí kò mọ ojú, tó ń fi nọ́ńbà fún ẹni tó bá kọ́kọ́ jẹ́ ìpè, ìlà méjì tí òun ò kọ.

"Ìwọ lo ṣe ẹ̀rọ," Tiwaladé wí, "ẹ̀rọ tìẹ ò wá mọ èyí tó jẹ́ tinú yàtọ̀ sí tòde?"

"Èmi ni mi ò sọ fún un, mà."

"Àwọn ìjọ yòókù ńkọ́? Ṣé tiwọn náà pa rẹ́?"

"Rárá, mà."

"Ẹ gbọ́ ọ. Nínú gbogbo Ìbàdàn, ti Ọláṣùmbọ̀ nìkan."

"Tiwaladé, ó tó," Màmá Bódìjà wí. Ó tẹ̀ síwájú lórí àga rẹ̀. Ohùn rẹ̀ ò le rárá, ìyẹn ló sì dẹ́rù ba Jẹ́jẹ́lọlá jù. "Ọmọ mi, ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́ bi ẹ́. Ẹ̀rọ ò yé mi. Ṣé ohùn ọmọ mi ń ni ẹ́ lára?"

Ó lè sọ pé rárá. Kò sí ẹ̀rí kankan níbikíbi. Ọdúnayọ̀ ń wò ó, ojú rẹ̀ ń bẹ̀ ẹ́ kó sọ pé rárá.

"Ó ń ni mí lára, mà," Jẹ́jẹ́lọlá wí. "Mi ò mọ̀ọ́mọ̀ pa á rẹ́, Ọlọ́run ló mọ ọkàn mi. Àṣìṣe ni. Ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀mẹta ni Ọdúnayọ̀ ní kí n ṣe ẹ̀dà rẹ̀. Ká ní mo ṣe é ni, à bá ṣì máa gbọ́ ọ lónìí. Kì í ṣe pé mi ò ráyè. Owú ló ń jẹ mí. Ẹ̀rín yẹn… mi ò fẹ́ kó tẹ̀ lé mi délé. Ẹ má bínú, mà. Èyí kì í ṣe àṣìṣe."

Ọdúnayọ̀ gbé ojú kúrò lára rẹ̀.

Màmá Bódìjà ń fi àtẹ́lẹwọ́ ra orúnkún rẹ̀, ó ń rà á, ó ń rà á.

"Ọjọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ mú ẹ wá," ó wí níkẹyìn, "mo wọ yàrá. O rántí? Ẹkún ni mo lọ sun. Mo rí ẹ ní ìjókòó ọmọ mi. Mo sunkún tán, mo nu ojú, mo jáde wá súre fún ẹ. Ìwọ náà, ṣe ló yẹ kí o sunkún kí o sì ṣe ẹ̀dà yẹn."

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"O ò ṣe é."

"Mi ò ṣe é, mà."

"Dìde." Ó nawọ́ sí i, ó fà á dìde. "Inú ń bí mi sí ẹ. Á ṣì máa bí mi fún ìgbà díẹ̀. Ṣùgbọ́n irọ́ wà nílẹ̀ tí o lè gbé, mo ti gbọ́ ọ̀rọ̀ iná yẹn láti ẹnu ọkọ ọmọ mi kí o tó dé. O ò gbé e. Ọdúnayọ̀, ní tèmi o, mi ò gba ìre mi padà. Ẹ fẹ́ ara yín."

Tiwaladé mí kanlẹ̀. "Tí Màmá bá ti gbà, ta ni èmi?"

Gbogbo ojú wá yí sí Ọdúnayọ̀. Ó dìde, ó ní òun á sin Jẹ́jẹ́lọlá dé títì. Wọ́n rìn dé ibi tí kẹ̀kẹ́ máa ń dúró sí ní ẹ̀gbẹ́ ọjà. Nígbà tí kẹ̀kẹ́ dé, ó bá a sanwó rẹ̀, ó ní, "Rọra o."

Ọjọ́ mẹ́sàn-án kọjá kí Ọdúnayọ̀ tó tún gun àtẹ̀gùn Ṣàngó. Ọ̀sán ni. Àwọn àpótí ti kún ilẹ̀ ṣọ́ọ̀bù, Jẹ́jẹ́lọlá sì wà láàárín wọn, ó ń fi ìlà méjì yẹn sí wọn níkọ̀ọ̀kan.

"Ẹ káàsán," Ọdúnayọ̀ kí i, lọ́tẹ̀ yìí kò gbàgbé.

Jẹ́jẹ́lọlá gbọ́ "ẹ" yẹn, ó sì ti mọ̀. Síbẹ̀ ó ní, "Jókòó, Ọdún mi."

Kò jókòó. "Mo gbà ẹ́ gbọ́," ó wí. "Mo fẹ́ kí o mọ̀. Mo gba gbogbo ẹ̀ gbọ́. Mo sì ti dárí jì ẹ́, mo rò bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ní gbogbo òwúrọ̀ tí mo bá jí, ohun tí mò ń gbọ́ ni ohùn rẹ tó ń sọ pé, 'Màá ṣe é, olólùfẹ́ mi.' Ẹ̀ẹ̀mẹta. Mo gbìyànjú láti má gbọ́ ọ. Mi ò lè mú ohùn yẹn wọ ilé wa, Jẹ́jẹ́."

"Màmá gbà."

"Màmá lágbára jù mí lọ." Ó fi ọwọ́ nu ojú. "O mọ ohun tó ń pa mí? Ká ní o gba irọ́ tí mo gbé fún ẹ ni, ǹ bá má mọ̀ nípa ẹ̀dà yẹn láé. À bá ṣe ìgbéyàwó ní Disẹ́ńbà. Inú mi ì bá dùn títí mo fi máa kú."

"Mo mọ̀."

"O mọ̀ nígbà tí o ń sọ ọ́?"

"Mo mọ̀ ọ́n, kí n tó lanu."

Ọdúnayọ̀ sún mọ́ ọn, ó gbé ọwọ́ lé e lórí, bí àgbà ṣe ń ṣe sí ọmọ tó ń rìnrìn àjò. "Ọlọ́run á fún ẹ ní ẹni tí…"

"Ọdún, jọ̀ọ́. Má ṣàdúrà ẹlòmíràn fún mi. Ó máa pẹ́ kí n tó lè ṣe àmín sí i."

Ọwọ́ rẹ̀ dúró síbẹ̀ díẹ̀ sí i. Lẹ́yìn náà ó gbé e kúrò.

"Ó dàbọ̀, Jẹ́jẹ́."

"Ó dàbọ̀."

Ó gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, ó gbọ́ ọ títí ariwo ọkọ̀ Ṣàngó fi bò ó. Kò lọ sí ojú fèrèsé. Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú rẹ̀, ó sì fa àpótí mìíràn sún mọ́ra, torí ìjọ mẹ́sàn-án ló ṣì ń retí tiwọn kí ọ̀sẹ̀ tó parí.